Ta Ni Yóò San Gbèsè Òkè?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Kò sí ọmọ ilé-ìwé tí kò mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá pa òwe tì, tí a sì bi ènìyàn mẹ́wàá léèrè ibi tí omi tí ń ṣàn kọjá ní Lọ́kọ́ja ti ń wá, agbára káká ni a ó fi rí ẹnì kan tí yóò lè sọ ju pé odò Ọya àti odò Bẹ́núé ni ó pàdé níbẹ̀. Pé Bẹ́núé pàápàá ní àwọn odò mìíràn tí ń bọ́ ọ, pé odò Tàràbà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, àti pé láti orí àwọn òkè gíga kan lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ni púpọ̀ nínú omi Tàràbà ti ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ kò kà sí ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè kan tí ó wúwo sì fara pamọ́ sínú àìkàsí yìí: gbèsè wo ni ó wà lọ́rùn ẹni tí ń mu omi, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó ń fi oúnjẹ ẹnu rẹ̀ du ara rẹ̀ kí omi náà má baà gbẹ?

Gashaka-Gumti ni orúkọ ilẹ̀ olókè náà. Abúlé méjì ni ó fún un ní orúkọ: Gashaka wà ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, Gumti sì wà ní ìpínlẹ̀ Adamáwá. Igbó ọba méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n tẹ́lẹ̀ rí. Ní ọdún 1991 ni òfin ìjọba àpapọ̀ so wọ́n pọ̀ di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, ọdún yìí kan náà ni òfin sì sọ ilẹ̀ tí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú rẹ̀ di irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo àwọn ọgbà wọ̀nyí ní Nàìjíríà, ti Gashaka-Gumti ni ó tóbi jù lọ; ilẹ̀ rẹ̀ lé ní 6,000 kìlómítà onígun mẹ́rin.

Apá àríwá rẹ̀ jẹ́ ọ̀dàn tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí àwọn igi fọ́nká sínú koríko gíga. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti ń lọ sí ìhà gúúsù ni ilẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí sókè, òkè lẹ́yìn òkè, àfonífojì lẹ́yìn àfonífojì, títí yóò fi dé Chappal Waddi, òkè tí ó ga jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 2,419 mítà. Ní ìsàlẹ̀, nínú àwọn àfonífojì, igbó dídí ni ó wà, igi ńláńlá tí oòrùn kì í tètè ráyè wọ abẹ́ wọn. Lókè pátápátá, koríko kúkúrú ni ó bo ilẹ̀, kùrukùru a sì máa dà bo orí òkè débi pé ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ kò ní rí ẹsẹ̀ òkè náà mọ́. Kò sí igi níbẹ̀ àfi nínú kòtò tí ìṣàn omi bá gbà kọjá, níbi tí igi ti sùn mọ́ra bí àwọn arìnrìn-àjò tí òtútù mú.

Nínú ilẹ̀ yìí ni ẹfọ̀n ń jẹ̀, tí àmọ̀tẹ́kùn ń rìn lóru, tí ìmàdò ń hú ilẹ̀, tí ẹdun aláwọ̀ dúdú àti funfun ń fò láti orí igi dé orí igi. Irú ẹyẹ tí a ti kà níbẹ̀ lé ní 400. Ṣùgbọ́n ẹranko tí orúkọ ibẹ̀ fi kàn dé òkè òkun ni ìnàkí, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní ṣìǹpáǹsì. Oríṣi tí ó wà ní Gashaka kò sí níbòmíràn láyé àfi ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Bí a bá ko gbogbo èyí tí ó kù jọ, kò tó 10,000. Nínú àwọn tí ó wà ní Nàìjíríà, àwọn òkè Gashaka ni ó ní púpọ̀ jù.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn olùwádìí ti ń fi sùúrù ṣọ́ àwọn ìnàkí wọ̀nyí, ohun tí wọ́n sì rí yẹ fún olùkọ́ láti gbọ́. Àwọn ìnàkí náà a máa já igi tín-ín-rín, wọ́n a tì í bọ inú ihò ìjàlọ, wọ́n a sì máa jẹ àwọn ìjàlọ tí ó bá gùn ún jáde. Igi ni wọ́n fi ń wa oyin pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ikán pọ̀ nínú igbó wọn, wọn kì í sì í jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀, ní Gombe ní ilẹ̀ Tanzania, níbi tí arábìnrin Jane Goodall ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ ní ọdún 1960, ikán ni àwọn ìnàkí ibẹ̀ ń fi igi yọ jẹ. Ikán wà níhìn-ín, ikán wà lọ́hùn-ún. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ohun tí ìyá fi han ọmọ. Ọmọ ìnàkí a máa mu ọmú fún bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ni yóò sì wà tí yóò máa wò bí ìyá ti ń ṣe é. Ìyá náà kì í sì í tún bímọ títí ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò fi kọjá. Nítorí náà, ọdẹ tí ó bá pa abiyamọ ìnàkí kan kò pa ẹran kan péré. Ó pa ẹni tí ń kọ́ni, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà yóò kú tẹ̀lé e.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbí, ìdájọ́ rẹ̀ kò ní ṣòro. Ẹnikẹ́ni tí ó ní ọkàn yóò sọ pé kí a ti igbó náà pa, kí a fi ẹ̀ṣọ́ yí i ká, kí a sì lé gbogbo ènìyàn jáde. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò ṣófo rí. Àwọn Jibu wà ní agbègbè rẹ̀, àwọn Chamba wà níbẹ̀, àwọn Fúlàní darandaran sì ti ń da màlúù lórí àwọn òkè náà kí òfin ọgbà tó dé. Ààlà sì ti rìn kọjá lórí àwọn ènìyàn wọ̀nyí láìjẹ́ pé wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú kan. Àwọn Jámánì ni ó kọ́kọ́ ń jọba lé wọn lórí. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, ilẹ̀ náà bọ́ sí ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kejì ọdún 1961, wọ́n dìbò lábẹ́ àbójútó Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, wọ́n sì di ará Nàìjíríà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún náà. Nígbà tí ó yá ni ààlà mìíràn tún dé, èyí tí kò ya orílẹ̀-èdè kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ṣùgbọ́n tí ó ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹranko. Àwọn abúlé darandaran mélòó kan ni a fi sílẹ̀ láàárín ọgbà náà, bí erékùṣù láàárín omi. Wọ́n lè gbé inú rẹ̀, wọ́n lè da ẹran nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọjá àmì, wọ́n ti di arúfin.

Bí ènìyàn bá fi ojú inú wo ọ̀kan nínú àwọn darandaran wọ̀nyí ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Koríko abúlé rẹ̀ ti gbẹ. Màlúù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rù, egungun ìhà wọn ti ń hàn. Ní òdìkejì àmì, níbi tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, koríko tútù wà lẹ́bàá ìṣàn omi. Bí ó bá kọjá, ẹ̀ṣọ́ lè mú un. Bí kò bá kọjá, màlúù lè kú. Bẹ́ẹ̀ màlúù ni wàrà ọmọ rẹ̀, òun ni owó ìwòsàn, òun ni owó orí ìyàwó, òun sì ni ogún tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Kí ni ẹni tí ń kọ́ni ní ìwà rere yóò sọ fún ọkùnrin náà?

Àwọn kan yóò dáhùn kíákíá pé ènìyàn ni ó ṣáájú ẹranko, àti pé kò sí ìnàkí tí ó tó ọmọ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, kò sì yẹ kí ẹni tí ó yó kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó. Ó mú un bí ẹni pé ènìyàn kan ṣoṣo ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí màlúù bá pọ̀ ju koríko lọ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, pátákò wọn a máa tú ilẹ̀. Nígbà tí iná bá ń jó ibì kan náà lọ́dọọdún, igi etí odò a máa dínkù. Òjò ńlá a sì dé, yóò gbá erùpẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Omi tí ìbá rọra rì sínú ilẹ̀, kí ó sì máa sun jáde díẹ̀díẹ̀ títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò ya lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ tí yóò jìyà rẹ̀ ni darandaran náà fúnra rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ òkè, lẹ́yìn àgbẹ̀ ni apẹja. Nítorí náà, ìjà yìí kì í ṣe ti ènìyàn àti ẹranko nìkan. Ìjà ènìyàn òní àti ènìyàn ọ̀la ni, ìjà ẹni tí ń gbé òkè àti ẹni tí ń gbé ìsàlẹ̀ odò sì ni pẹ̀lú.

Kò sì yẹ kí a gbà pé nítorí omi nìkan ni ẹranko fi ní iyì. Ká ní àwọn òkè náà kò tilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní omi rárá, ó ṣì yẹ kí ènìyàn ronú kí ó tó pa ohun tí kò lè dá run. Ilé tí ó bá wó, a lè tún un kọ́. Owó tí ó bá sọnù, a lè tún un pa. Ṣùgbọ́n bí ìnàkí orí òkè wọ̀nyí bá tán, kò sí ọjà tí a ti lè rà wọ́n, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tí yóò kọ́ ẹranko mìíràn ní ohun tí wọ́n mọ̀. Ohun tí ó ṣeé rà padà kì í ṣe ẹgbẹ́ ohun tí kò ṣeé rà padà. Ẹni tí ó bá fi èyí tí kò ṣeé rà padà san gbèsè ọjọ́ kan, òmùgọ̀ oníṣòwò ni.

Àwọn mìíràn yóò ní àṣà òyìnbó ni pé kí a máa ti igbó pa, wọn a sì tọ́ka sí ọgbà Yellowstone tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ọdún 1872. Òtítọ́ ni pé láti ìgbà náà ni irú ọgbà báyìí ti ń tàn ká ayé, òtítọ́ sì ni pé ní ibi púpọ̀, lílé ni a lé àwọn onílẹ̀ jáde kí a tó fi ọgbà lélẹ̀. Ṣùgbọ́n fífi èèwọ̀ ṣọ́ igbó kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO fi kún àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2005, kì í ṣe òfin ìjọba ni ó kọ́kọ́ dá a sí. Ìbẹ̀rù òrìṣà àti ọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ ni. Ní Gashaka pàápàá, ohun kan ti ń ṣọ́ ìnàkí kí ẹ̀ṣọ́ ìjọba tó dé. Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn ibẹ̀, ẹ̀sìn wọn kò sì gbà kí wọ́n jẹ ẹran ọ̀bọ àti ìnàkí. Nígbà tí a ń fi ìnàkí se ọbẹ̀ ní ibòmíràn, àwọn wọ̀nyí fi í sílẹ̀ sínú igbó. Bí ìnàkí bá ṣì wà lórí òkè náà lónìí, ọpẹ́ kì í ṣe ti òfin nìkan. Ti àwọn tí a ń fi òfin halẹ̀ mọ́ ni pẹ̀lú.

Níhìn-ín ni kókó ọ̀rọ̀ náà wà. Èèwọ̀ ìlú àti òfin ọgbà jọ ń sọ ohun kan náà: má dé ibẹ̀, má pa èyí, má gé ìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn tí ó dá èèwọ̀ sílẹ̀ ni ó ń ru ẹrù èèwọ̀. Ẹni tí ó ní kí a má ṣe pa ẹja odò náà, òun pẹ̀lú ń wo ẹja náà lójú, ebi ń pa á, kò sì mú un. Ṣùgbọ́n òfin ọgbà, ọ̀nà jíjìn ni a ti ń kọ ọ́. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò ní màlúù. Ẹni tí ó ń yìn ín nínú ìwé ìròyìn kò mọ ọ̀nà Gashaka. Ire rẹ̀ ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ odò, ẹrù rẹ̀ sì dúró sí orí òkè. Ó rọrùn láti jẹ́ olóore nígbà tí ó jẹ́ pé àpò ẹlòmíràn ni a ti ń mú ohun tí a fi ń ṣe oore. Irú ìwà bẹ́ẹ̀ lè ṣe ayé ní àǹfààní, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹni tí ó hù ú máa fi yangàn.

Ẹnì kan lè tako èyí, kí ó ní, “A kì í sanwó fún olè pé kí ó má jalè. Kí ni ìdí tí a ó fi san nǹkan fún darandaran nítorí pé ó pa òfin mọ́?” Èsì rẹ̀ ni pé olè mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ń da ẹran lórí òkè kan kí òfin tó dé kò jí ohunkóhun. Òfin ni ó dé bá a, tí ó sọ iṣẹ́ àná rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ òní. Bí ìlú bá fẹ́ la ọ̀nà gba inú oko ẹnì kan kọjá, ìlú a máa san owó igi kòkó rẹ̀ fún un, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé owó olè ni. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ire gbogbo ènìyàn ni a fi gba koríko lọ́wọ́ darandaran, a jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ni ó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ẹlòmíràn lè ní ìjọba ti ń san owó tẹ́lẹ̀, nítorí pé ó ń san owó oṣù àwọn ẹ̀ṣọ́. Iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Wọ́n ń sùn nínú òtútù orí òkè, wọ́n ń pàdé ọdẹ tí ó ní ìbọn, ewu sì wà nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n owó tí a fi ṣọ́ ènìyàn kì í ṣe owó tí a san fún ènìyàn. Ẹni tí ó jẹ ni ní gbèsè kò lè fi owó tí ó fi ra àgádágodo ṣe ìsanwó gbèsè náà.

Báwo, nígbà náà, ni a ṣe lè san án? Kì í ṣe owó tí a kàn fọ́n ká ni. Ilé-ìwé tí ó ní olùkọ́ ní àwọn abúlé àárín ọgbà, ilé ìwòsàn tí ó ní oògùn, dókítà ẹran tí yóò jẹ́ kí màlúù díẹ̀ mú èrè wá ju màlúù púpọ̀ tí àrùn ń pa lọ, iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ àti iṣẹ́ afinimọ̀nà fún àwọn ọmọ bíbí ilẹ̀ náà ṣáájú àlejò: wọ̀nyí ni owó tí ó tọ́. Èyí tí ó sì ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé kí a pè wọ́n jókòó nígbà tí a bá fẹ́ fa àmì tuntun tàbí tún èyí tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ fà. Òfin tí ènìyàn bá lọ́wọ́ nínú dídá rẹ̀ sún mọ́ èèwọ̀. Ènìyàn a sì máa pa èèwọ̀ mọ́ nígbà tí ẹ̀ṣọ́ kò sí nítòsí.

Darandaran náà ní ojúṣe tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ẹni tí ó lè ṣe ohun tí ó wù ú. Bí a bá ti ṣe ohun tí ó tọ́ sí i, tí ó sì tún ń da agbo tí kò níye kọjá àmì, tàbí tí ó ń mú ọdẹ mọ ibi tí ẹfọ̀n ń sùn, a jẹ́ pé òun náà ti di onígbèsè. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tí ń gbé òkè nìkan ni ó lè dáwọ́ iná dúró kí ó tó ràn. Ẹni tí ń gbé ìsàlẹ̀ nìkan ni ó ní owó tí yóò fi ìdáwọ́dúró náà ṣeé ṣe láìsí ebi.

Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí olùkọ́ tí ó dúró níwájú pátákó ní Ìbàdàn, ní Kánò, ní Ẹnúgù tàbí ní Mákúdí. Kò jìnnà. Nígbà tí olùkọ́ bá ya odò Bẹ́núé sí ara pátákó, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Kí ó fa ìlà náà dé orí òkè, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé igbó wà níbẹ̀, pé ìnàkí kan ń fi igi kọ́ ọmọ rẹ̀ ní oúnjẹ wíwá níbẹ̀, pé ènìyàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ó ń wo koríko tútù tí kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn. Ọmọ tí ó bá mọ gbogbo èyí yóò dàgbà di ẹni tí kì í yára béèrè ìyà tí ó yẹ kí a fi jẹ darandaran tí ó kọjá àmì. Ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni ohun tí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ti ṣe kí ó má baà jẹ́ dandan fún un láti kọjá.